Ìjábọ̀ aláìsàn kan ni, kì í ṣe ìròyìn ọ̀ràn: èsì lórí "case report" àti ohun tí àwọn ará Kòríà ṣe

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin àbúrò, mo kí yín o.

Ẹ̀gbọ́n wa tó kọ̀wé lọ́jọ́ Àìkú dábàá pé kí a máa pe "case report" àwọn dókítà, ìyẹn ìwé tí dókítà kọ nípa ohun tó rí lára aláìsàn kan, ní "ìròyìn ọ̀ràn àìsàn". Ìdí méjì ni wọ́n fi gbè é lẹ́sẹ̀: pé ọ̀ràn ni "case" lédè wa, àti pé àwọn ará Gúúsù Kòríà ti fọ èdè ìṣègùn wọn mọ́ kúrò lọ́wọ́ ọ̀rọ̀ àyálò, kò sì sí ohun tó ṣe wọ́n. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀gbọ́n, ẹ fún mi láyè. Mi ò fara mọ́ ìdí kìíní rárá, ìkejì sì ń fẹ́ àtúnṣe. (Fíìmù Kòríà tí ìyàwó mi ń wò lóru ló sún mi dédìí èdè náà, ó ti tó ọdún mẹ́rin báyìí. Ẹ má ní kí n sọ ọ́ létí yín.)

Ọ̀ràn, dídá ni à ń dá a. Ẹni tó bá dá a, ọ̀daràn ni. Bí a bá wá kọ "ìròyìn ọ̀ràn" sórí ìwé tí a fẹ́ kí aláìsàn buwọ́ lù, a ti fẹ̀sùn kàn án kó tó mú bírò. Ojú mi ti rí i. Mò ń ṣe ògbufọ̀ fún ìyá àgbà kan ní ilé ìwòsàn kan nílùú òyìnbó, dókítà ní àwọn fẹ́ jọ sọ̀rọ̀ lórí "case" Màmá. Ahọ́n mi yá ju ọpọlọ mi lọ: "Wọ́n ní àwọn fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí ẹjọ́ yín, Mà." Màmá wò mí, wọ́n wo dókítà, wọ́n ní: "Ẹjọ́ kẹ̀? Ta ni mo bá jà?" Ó gbà wá tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ọkàn wọn tó balẹ̀.

Kí ni àwọn ará Kòríà ń pè é? Jeungnye bogo. Jeung ni àmì àìsàn. Rye, tó di nye létí tó bá tẹ̀ lé jeung, ni àpẹẹrẹ. Bogo ni jíjábọ̀. Ọ̀rọ̀ tó ti Ṣáínà wá ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ibi tí a ti fẹ́ fi wọ́n ṣe àwòkọ́ṣe gan-an, àyálò ni wọ́n ṣì ń lò.

Kì í ṣe pé ẹ̀gbọ́n purọ́ o, àbọ̀ ìtàn ni wọ́n gbọ́. Láti 1977 ni ẹgbẹ́ àwọn dókítà ibẹ̀ ti ní ìwé àkójọ ọ̀rọ̀ ìṣègùn. Nígbà tí ẹ̀dà kẹrin jáde ní 2001, wọ́n gbìyànjú ohun ńlá: wọ́n ní kí ọ̀rọ̀ ìbílẹ̀ rọ́pò àwọn tó ti Ṣáínà àti Jàpáànù wá. Sinjang, ìyẹn kíndìnrín, di kongpat. Pye, ìyẹn ẹ̀dọ̀fóró, di heopa. Kongpat yẹn dùn ún gbọ́: kong ni ẹ̀wà, pat ni ẹ̀wà pupa, ẹni tó bá sì ti rí kíndìnrín lórí tábìlì alápatà yóò mọ ìdí rẹ̀. Àwọn ará ilé mọ̀ ọ́n, alápatà mọ̀ ọ́n. Àmọ́ ẹ dé ọsibítù: títí dòní, sinjang naegwa ni wọ́n ń pe ẹ̀ka tó ń tọ́jú kíndìnrín. Àwọn dókítà ṣàròyé, nígbà tí ẹ̀dà karùn-ún sì máa jáde, wọ́n dá púpọ̀ nínú àwọn ọ̀rọ̀ àtijọ́ padà, wọ́n tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tuntun.

Ṣé a kò rí ara wa níbẹ̀? Iwe ni Bíbélì Yorùbá pe kíndìnrín nínú ìwé Léfítíkù. Ẹ sọ iwe fún ọmọ tó dàgbà n'Íbàdàn lónìí, iwe adìyẹ ni yóò máa wá nínú ọbẹ̀. Kíndìnrín ló kù lẹ́nu aláìsàn, mi ò sì rí ẹni tó máa gbà á lẹ́nu wọn.

Ti gẹ̀gẹ̀ náà wà níbẹ̀. Gapsangseon ni wọ́n ń pe ẹran ọrùn tí gẹ̀gẹ̀ ti ń yọ. Seon tó wà nídìí rẹ̀ ni ẹran ara tó ń sun omi jáde; dókítà ará Jàpáànù kan, Udagawa Genshin, ló ṣẹ̀dá àmì ìkọ̀wé rẹ̀. Ìwé 2001 yí i sí saem, ìsun omi. Ìró méjèèjì sún mọ́ra, ìtumọ̀ sì bá iṣẹ́ ẹran náà mu. Ká ní èmi ni, èmi náà ì bá dìbò fún un. Ṣùgbọ́n àyẹ̀wò ọrùn gbòde kan níbẹ̀ débi pé iye àwọn tí wọ́n sọ fún pé wọ́n ní jẹjẹrẹ ẹran ọrùn yìí ní 2011 fi ìlọ́po 15 ju ti 1993 lọ, bẹ́ẹ̀ sì ni iye àwọn tó ń kú kò yí padà. Gbogbo àdúgbò ló ti ń pe seon. Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ tó ti wọ ilé báyẹn kì í jáde nítorí ìwé.

Ibi tí wọ́n ti yí orúkọ padà tó sì dúró, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìbílẹ̀ ni wọ́n fi ṣe é. Àìsàn ọpọlọ kan wà (schizophrenia lẹ́nu òyìnbó) tí wọ́n ń pè ní jeongsin bunyeolbyeong tẹ́lẹ̀, àìsàn ọkàn tó fọ́ sí wẹ́wẹ́. Àwọn ẹbí aláìsàn ló kígbe pé orúkọ yìí ń ba ọmọ àwọn jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó rí i. Ní 2011 ó di johyeonbyeong. Johyeon ni kí ènìyàn máa yí okùn ohun èlò orin títí ohùn rẹ̀ yóò fi gún, bí onígòjé ṣe ń ṣe kó tó bẹ̀rẹ̀ eré. Wárápá náà gba orúkọ tuntun, noejeonjeung, àìsàn iná ọpọlọ. Gbogbo ọ̀rọ̀ wọ̀nyí, gbòǹgbò Ṣáínà ni. Ohun tó mú wọn dúró ni pé àwọn tí orúkọ ń dùn ni wọ́n béèrè. Àwa tí a ṣì ń sá fún itọ́ oníwárápá bí ẹni sá fún iná, a lè bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀ ká tó wá fọ "case" mọ́.

Ẹ jẹ́ n padà sórí "case". Ohun tó ń dà wá láàmú ni pé a fẹ́ rí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo fún un torí pé kan ṣoṣo ni òyìnbó ní. Nígbà tí MERS, àrùn èémí kan tó ń ràn, wọ Kòríà ní 2015, ènìyàn 186 ló kó o, 38 kú. Ìwé òyìnbó kọ "cases" 186. Ìwé ìròyìn Kòríà kò kọ jeungnye o, hwakjinja ni wọ́n kọ: ẹni tí àyẹ̀wò ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀ lára rẹ̀. Ènìyàn ni wọ́n kà. Rédíò tiwa náà ń sọ pé "ènìyàn báyìí ló ti kó o", kò sì sẹ́ni tó ní kò péye. Ẹjọ́ wà fún kóòtù, ènìyàn wà fún kíkà, ti dókítà tó jókòó kọ̀wé nípa ẹnì kan sì tún yàtọ̀.

Fún ìyẹn ni mo ṣe mú "ìjábọ̀ aláìsàn kan" wá. Ìròyìn, ẹnikẹ́ni ló lè gbọ́ ọ, kó sì kọjá lọ. Ìjábọ̀ ni ti ẹni tí a rán níṣẹ́ tó padà wá sọ ohun tó rí fún ẹni tó rán an, ẹni tó rán an sì jẹ ẹ́ ní èsì. Ní 2008 àwọn dókítà tó ń tọ́jú ọmọdé ní Kòríà kọ ọ́ sínú ìwé ìwádìí wọn pé àìsàn àjèjì kan ń ba ẹ̀dọ̀fóró àwọn ọmọ jẹ́ nígbà ìrúwé, wọn kò mọ ohun tó fà á. Wọ́n jábọ̀. Kò sẹ́ni tó dáhùn gidi. Nígbà ìrúwé 2011, àwọn dókítà tó ń tọ́jú àgbàlagbà ní Seoul rí irú rẹ̀ lára àwọn aláboyún àti abiyamọ tuntun, wọ́n fi tó iléeṣẹ́ ìjọba létí. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ, ìjọba nawọ́ sí oògùn apakòkòrò tí àwọn ará ilé ń dà sínú omi ẹ̀rọ tó ń tú ìkùukùu sínú yàrá; ní oṣù kọkànlá wọ́n kó o kúrò lọ́jà. Ìròyìn kò lè gbé ọdún mẹ́ta tó wà láàárín yẹn. Ìjábọ̀ gbé e, torí bí a bá gbọ́ pé ẹnì kan jábọ̀, a óò béèrè pé ta ló jábọ̀ fún.

Ẹ má yọ "kan" kúrò o. Ní ìlú Jeonju ní Kòríà ní 1963, ọmọbìnrin ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kan kú torí pé aràn dí ìfun rẹ̀. 1,063 ni aràn tí wọ́n kó jáde. Ọmọ kan ṣoṣo. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e wọ́n dá ẹgbẹ́ tó ń gbógun ti aràn sílẹ̀, òfin dé ní 1966, nígbà tí wọ́n sì yẹ ìgbẹ́ àwọn aráàlú wò ní 1971, ẹyin aràn wà nínú ti ìdá 84 nínú ọgọ́rùn-ún. Bí àwọn aláìsàn bá pọ̀, ọ̀wọ́ ìjábọ̀ ni ká kọ. Àbúrò wa tó dábàá "àbọ̀ aláìsàn", mo gbọ́ yín, ṣùgbọ́n ẹ ka á sókè fún ẹlòmíràn: ìdajì aláìsàn ni yóò gbọ́.

"Clinical", ọ̀rọ̀ tí àwọn dókítà ń lò fún ohun tó jẹ mọ́ ìtọ́jú aláìsàn gan-an, kò le tó "case". Imsang ni tiwọn, lílọ sẹ́bàá ibùsùn. "Ìwádìí ẹ̀bá ibùsùn" tó mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn tí wọ́n ti sọ "kò sí bẹ́ẹ̀dì" fún yóò rẹ́rìn-ín.

Ìyàwó mi, tó ń ka èyí lẹ́yìn mi, ti ká mi mọ́ ibì kan. Ó ní aláboyún kì í ṣe aláìsàn, òun ò sì ní gbà kí ẹnikẹ́ni pe òun bẹ́ẹ̀ nígbà tí oyún bá wà nínú òun. Òótọ́ ni. Jeungnye kò ní ènìyàn nínú, ó bọ́ lọ́wọ́ ìyẹn. Tèmi kò bọ́. Ohun tí mo ń ṣe báyìí ni pé mo ń pààrọ̀ ẹni tó wà láàárín: ìjábọ̀ aláboyún kan, ìjábọ̀ ọmọdé kan, ìjábọ̀ aláìsàn kan. Bí ó bá há mọ́ ẹnikẹ́ni lọ́fun, kó wí.