“Fòfin de” àbí “gbẹ́sẹ̀ lé”: òfin wo ni wọ́n fi dè é?

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o.

Ẹ̀gbọ́n wa ní Yábàá ní ká fẹnu kò sí “ìfòfindè” gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ Yorùbá fún bí ìjọba àpapọ̀ ṣe dí ojú ọ̀nà Twitter ní Nàìjíríà láti ọjọ́ 4 oṣù Kẹfà 2021 títí di ọjọ́ 13 oṣù Kìíní 2022. Wọ́n ní ó ti mọ́ àwọn oníròyìn lẹ́nu. Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n, mi ò fara mọ́ ọn. Ẹ tú ọ̀rọ̀ náà wò: fi òfin dè. Òfin ni okùn. Bí kò bá sí òfin, kí ni wọ́n fi dè é?

Ẹ wo ọ̀rọ̀ ọ̀kadà. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹfà 2022, ìjọba Èkó fòfin de ọ̀kadà ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà, Sùúrùlérè wà nínú wọn. Ọlọ́kadà tí wọ́n bá mú ní Ojúẹlẹ́gba lè bínú, àmọ́ tó bá béèrè òfin, wọ́n á fi ti ọdún 2018 lórí ètò ìrìnnà hàn án. Ìfòfindè nìyẹn.

Ti Twitter kò rí bẹ́ẹ̀. Ìkéde ló jáde láti iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ètò ìròyìn, lẹ́yìn náà ni àṣẹ dé ọ̀dọ̀ àwọn onínẹ́tíwọ́ọ̀kì pé kí wọ́n dí ojú ọ̀nà. Wọ́n tiẹ̀ ní kí wọ́n bá ẹni tó bá tàpá sí i ṣẹjọ́. Lábẹ́ òfin wo? Abala 36(12) ìwé òfin 1999 sọ pé a kò gbọ́dọ̀ dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi ọ̀ràn tí òfin àkọsílẹ̀ kò dárúkọ, tí kò sì sọ ìyà rẹ̀. Ní ọjọ́ 14 oṣù Keje 2022, ilé ẹjọ́ ECOWAS ní ohun tí ìjọba ṣe náà kò bófin mu. Báwo la ṣe máa wá fi ọ̀rọ̀ tí òfin wà nínú ẹ̀ pè é? Orúkọ yẹn ti dá ìjọba láre kí ẹjọ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Àbá mi ni “ìgbẹ́sẹ̀lé”. Bí àwọn káńsù bá kó ata lójú títì Òyìngbò, ohun tí ìyá aláta máa sọ ni pé wọ́n gbẹ́sẹ̀ lé ẹrù òun. Ẹsẹ̀ lè bà lé nǹkan pẹ̀lú òfin, ó sì lè bà lé e láìsí òfin; ọ̀rọ̀ náà sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, kò jẹ́rìí sí i. Tó bá sì parí, “gbẹ́sẹ̀ kúrò” ti wà nílẹ̀. “Ìdádúró” tí ẹnì kan mú wá kò tẹ́ mi lọ́rùn: ọ̀gá ló ń dá òṣìṣẹ́ rẹ̀ dúró, Twitter kì í sì í ṣe òṣìṣẹ́ ìjọba.

Ẹ̀gbọ́n máa ní ọ̀rọ̀ kì í dúró síbi tí gbòǹgbò rẹ̀ wà, pé kò sẹ́ni tó ń ro òfin mọ́ tó bá gbọ́ “ìfòfindè”. Òótọ́ ni, ní ọjà. Àmọ́ ẹ gbìyànjú láti túmọ̀ abala 45 ìwé òfin 1999 yẹn. Ohun tó sọ ni pé òfin nìkan, òfin tó tọ́ lábẹ́ ìjọba tiwa-n-tiwa, ló lè pa ààlà sí ẹ̀tọ́ inú abala 37 sí 41, bí ẹ̀tọ́ láti sọ̀rọ̀ fàlàlà, nítorí àwọn nǹkan bí ààbò ìlú, ètò àti àlàáfíà ará ìlú, ìwà ọmọlúàbí tàbí ìlera. Bí “ìfòfindè” bá ti dúró fún àṣẹ ẹnu lásán, kí la máa pe ti abala 45?

Pé òfin wà kò sì sọ ọ́ di ẹ̀tọ́. Òfin ni Dikíríì 4 tí ìjọba ológun ṣe ní ọdún 1984, tí wọ́n fi sọ Tunde Thompson àti Nduka Irabor, oníròyìn ìwé ìròyìn The Guardian, sẹ́wọ̀n ọdún kọ̀ọ̀kan. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ni orúkọ dikíríì yẹn gan-an ní òun ń dáàbò bò, kì í ṣe ìlú. Nítorí náà, ẹ má jẹ́ ká kọ “ààbò orílẹ̀-èdè” níbi tó bá jẹ́ ààbò ìjọba.

Fún àwọn tó ń kọ àkọlé ìròyìn: “Ìjọba gbẹ́sẹ̀ lé Twitter” kò gùn ju “Ìjọba fòfin de Twitter” lọ. Bí ẹ bá kọ “fòfin de”, kí orúkọ òfin, ọdún àti abala rẹ̀ wà nínú gbólóhùn tó tẹ̀ lé e. Bí ẹ bá wá a tí ẹ ò rí i, ẹ yí àkọlé padà.