Ọ̀rọ̀ adójútòfò àti owó-orí mi: ibi tó já sí

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Èmi tí mo kọ̀wé lóṣù kẹjọ nìyí, pé aṣojú ilé-iṣẹ́ adójútòfò kan wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Pánṣẹ́kẹ́, l'Ábẹ́òkúta, ó ní tí n bá ń san ₦15,000 lóṣù, owó-orí mi á dín kù. Mo san án fọ́dún méjì gbáko. Ọ́fíìsì owó-orí kàn yẹ ìwé adójútòfò náà wò báyìí ni, wọ́n dá a padà: orúkọ ọmọ mi ló wà lórí ẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì rèé, adójútòfò ẹ̀mí èèyàn fúnra ẹ̀ tàbí ti ọkọ tàbí aya ẹ̀ nìkan lòfin fàyè gbà pé kó dín owó-orí kù.

₦140,000 ni ilé-iṣẹ́ yẹn kọ́kọ́ fẹ́ fi tù mí nínú. Mo kọ̀ jálẹ̀. Ẹni tó gbà mí nímọ̀ràn níbí lọ́jọ́sí pé kí n lọ tú WhatsApp mi wá ẹ̀rí, ọwọ́ yín ò ní í wálẹ̀! Ọ̀rọ̀ aṣojú ṣì wà níbẹ̀: "Mọ́mì, owó-orí yín á wálẹ̀ dájú." Mo ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde fún mi ní Ìtòkú (yíǹkì wọn ti fẹ́ẹ̀ tán, àmọ́ "dájú" yẹn hàn kedere), mo fi ti ẹ̀sùn tí mo kọ sí NAICOM, àjọ ìjọba tó ń mójú tó àwọn ilé-iṣẹ́ adójútòfò, l'Ábújà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn ẹ̀, ilé-iṣẹ́ adójútòfò yẹn fúnra wọn ló ń pè mí.

Gbogbo ₦360,000 mi wọlé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. ₦68,400 owó-orí tí mo padà san nígbà tí wọ́n dá ìwé náà padà ńkọ́? Wọ́n ní kò kan àwọn. Ó ṣì ń dùn mí, àmọ́ owó lọ́yà á jù ú lọ. Mo fà á tì. Ẹ ṣeun gan-an ni.