Owó àpò akẹ́kọ̀ọ́: báwo ni yóò ṣe dé òpin sáà?

Akẹ́kọ̀ọ́ kan, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, ní Leeds

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti ẹ̀yin òbí wa. Ọdún àkọ́kọ́ mi ní yunifásítì nìyí. Lẹ́yìn tí mo san owó ilé, £1,300 ló kù sí mi lọ́wọ́, kò sì sí òmíràn tí yóò wọlé títí ọ̀sẹ̀ 11 yóò fi pé. Gbogbo ohun tí mo bá rà ni mò ń kọ sínú fóònù mi, síbẹ̀ n kò lè sọ bóyá ìnáwó mi pọ̀ jù tàbí ó mọ níwọ̀n. Báwo ni ẹ̀yin ṣe ń ṣe é?

Ẹ̀gbọ́n kan, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ Rẹ́mọ, ní Manchester

Àbúrò mi, o kú iṣẹ́ ìwé. Kò burú bí o ṣe ń kọ ọ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n owó ti máa ń lọ kí àkọsílẹ̀ tó dé. Iye tí o lè ná ni kí o kọ́kọ́ mọ̀. Yọ £200 sọ́tọ̀. N óò sọ ohun tí ó wà fún. Pín £1,100 tó kù sí ọ̀nà 11, £100 ni yóò kan ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ṣí àkáǹtì kejì, kí o ní kí báǹkì máa gbé £100 bọ́ sínú rẹ̀ fúnra rẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ Ajé, kí ó sì jẹ́ pé káàdì àkáǹtì yìí nìkan ni ò ń mú jáde. Ọjọ́ Ajé ni mo yàn nítorí pé òpin ọ̀sẹ̀ ni ọwọ́ máa ń yá jù, ó sì sàn kí ó bá ọ nígbà tí o ti ń wo ohun tó kù ju kí ó bá ọ nígbà tí àpò ṣẹ̀ṣẹ̀ kún.

Ní ti àkọsílẹ̀, oúnjẹ, ọkọ̀, ìwé àti ará ilé, ìyẹn owó tí ẹbí bá dá, ti tó. Ẹni tó bá pín in sí ogún ọ̀nà kì í kọ ọ́ pẹ́.

Ará ilé yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ máa ń gbàgbé, òun àti ohun àìròtẹ́lẹ̀ ni mo sì fi £200 sílẹ̀ fún. Ìwọ ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde kò lè sọ pé ọdún Ojúde Ọba bá ọ lójijì. Ọjọ́ kẹta Iléyá ni, òṣùpá sì ni Iléyá ń tẹ̀ lé, ìdí nìyẹn tó fi máa ń fi nǹkan bí ọjọ́ 10 tàbí 11 yá ju ti èṣí lọ: ọjọ́ 18 oṣù Okúdù ni ní ọdún 2024, ó di ọjọ́ 8 oṣù náà ní ọdún 2025. Ó ti ń wọ inú àsìkò ìdánwò bọ̀ báyìí, nígbà tí owó sáà ti ń tán lọ, nítorí náà láti oṣù Ṣẹ́rẹ́ ni kí o ti máa tọ́jú owó aṣọ díẹ̀díẹ̀. Bí ẹbí bá dá iye tó ju èyí tí o tọ́jú lọ, sọ fún wọn pé ibi tí agbára rẹ mọ nìyẹn. Wọn yóò ráhùn, wọn yóò sì gbà á.

Bí o bá wọ ilé ìtajà, wo nọ́ńbà tínńtínní tó wà lábẹ́ iye ọjà: iye tí kílò kan jẹ́ ni. Òun ni yóò sọ bóyá àpò ìrẹsì ńlá pọ́ọ́kú ju kékeré lọ lóòótọ́, nítorí kì í fi gbogbo ìgbà rí bẹ́ẹ̀. Gàrí Ìjẹ̀bú inú ọ̀rá kékeré wọ́n púpọ̀ níhìn-ín. Ẹ̀yin mẹ́ta tàbí mẹ́rin ẹ dáwó ra àpò kan, kí ẹ pín in.

Bí gbogbo yín nínú ilé náà bá jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ aláàkókò kíkún, ẹ kò ní san council tax, ìyẹn owó orí ilé tí ìjọba ìbílẹ̀ ń gbà, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ fi ìwé ẹ̀rí ilé-ìwé ránṣẹ́ sí ìjọba ìbílẹ̀. Ẹ ṣọ́ra fún ẹni tó ń wá gbé ibẹ̀ tí kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́: bí ó bá jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo, ìdá 25 nínú 100 nìkan ni wọn yóò yọ, owó yòókù yóò sì dé.

Ìyá kan, ní Ìjẹ̀bú-Òde

Ẹ ṣeun o, ẹ̀yin ọmọ wa. Kánádà ni ọmọ tèmi wà. Ṣé kí n máa fi owó ránṣẹ́ lóṣooṣù ni, àbí kí n kó o lọ lẹ́ẹ̀kan náà? Ó tún ní òun ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Akẹ́kọ̀ọ́ kan, ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó, ní Winnipeg, Kánádà

Ẹ kú àbójútó, Mà. Láti oṣù Okúdù ọdún 2023 tí Báǹkì Àpapọ̀ ti jẹ́ kí ọjà máa sọ iye náírà, ohun tí ẹ rò ní oṣù yìí lè yí padà kí oṣù tó ń bọ̀ tó wọlé. Nítorí náà, ẹ fi owó ilé-ìwé àti owó ilé ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà bí ó bá ti wà lọ́wọ́, kí ẹ sì máa fi ti oúnjẹ ránṣẹ́ lóṣooṣù. Ẹ ní kí ó má ṣe máa sọ búrẹ́dì di náírà lọ́kàn mọ́ bí owó bá ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ẹ̀rù nìkan ni ìyẹn ń dá sílẹ̀.

Ní ti iṣẹ́, láti oṣù Bélú ọdún 2024, wákàtí 24 lọ́sẹ̀ ni òfin gba àwa akẹ́kọ̀ọ́ tó wá láti ilẹ̀ òkèèrè láyè láti ṣe níta ọgbà ilé-ìwé nígbà tí ẹ̀kọ́ bá ń lọ. Agbanisíṣẹ́ lè má fún un tó bẹ́ẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ mìíràn, nítorí náà kí ó má ṣe ka owó iṣẹ́ mọ́ owó ilé àfi èyí tó bá ti wọ báǹkì.