Téèpù ìránṣọ mi ló tú àṣírí ẹ̀rọ yẹn

Aránṣọ, Ìbàdàn:
Ẹ kú ilé o. Lọ́dún tó kọjá, mo yà sí kẹ́míìsì kan kí wọ́n bá mi yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wò. Ọjà ni mo ti ń bọ̀, ẹsẹ̀ ni mo fi rìn, ìtọ̀ sì ń gbọ̀n mí. Ọmọ tó wà níbẹ̀ wé aṣọ ẹ̀rọ náà lé orí apá bùbá mi. Bí ẹ̀rọ ṣe ń fún mi lápá, bẹ́ẹ̀ ni mo ń bá oníbàárà kan fa ọ̀rọ̀ lórí fóònù. 168/102! Ọmọ náà lanu: "Mọ́mì, ẹ̀jẹ̀ yín ti ru o!" Oorun ò kun ojú mi mọ́jú. Mo ti ń ro ẹni tí n ó fi maṣíìnì mi sílẹ̀ fún.

Ní ilé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì kan ní kí n kọ́kọ́ lọ tọ̀, kí n wá jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú 5, kí n fẹ̀yìn ti àga, kí n má fẹsẹ̀ kọ́ra. Ó wo apá mi títí, ó ní, "Màmá, ṣé téèpù wà nínú báàgì yín?" Ta ní í bi aránṣọ nírú ìyẹn? A fi téèpù wọn apá mi yíká, ní àárín méjì èjìká sí ìgúnpá: sẹ̀ǹtímítà 38. Ó fi aṣọ ẹ̀rọ kan tí wọ́n kọ 22–32 sí lára hàn mí, ó ní bó bá há mọ́ apá, irọ́ ni yóò máa pa, yóò gbé e ga ju bó ṣe wà lọ. Ó mú aṣọ ẹ̀rọ ńlá wá, ó gbé apá mi lé tábìlì ní ọ̀gangan ọkàn. 138/86. Ó sinmi díẹ̀, ó tún un ṣe: 134/84. Ó ní kò tíì di ti oògùn, àmọ́ kí n dín iyọ̀ kù, kí n sì padà wá.

Awakọ̀, Òṣogbo:
Ìyá wa, tèmi yàtọ̀ o. Ara mi le koko, orí ò fọ́ mi, òòyì ò kọ́ mi. Túláàsì nìyàwó mi fi mú mi lọ. 182/114. Mo ní ẹ̀rọ wọn ti bàjẹ́. Wọ́n wọn apá kejì, mo tún padà lọ́jọ́ kejì, ibi kan náà ló wà. Wọ́n ní kí n tọ̀ sínú ike, ni wọ́n bá rí purotéènì nínú rẹ̀. Kíndìnrín mi ti ń fara gbá a tipẹ́, èmi ń wakọ̀ kiri.

Aránṣọ:
Ha! Ẹ̀rọ wo wá lẹ ń lò nílé báyìí?

Awakọ̀:
Ti apá ni. Wọ́n ní ti ọrùn ọwọ́ máa ń ṣini lọ́nà. Ẹ̀ẹ̀mejì láàárọ̀ kí n tó lo oògùn, ẹ̀ẹ̀mejì lálẹ́. Ọmọ mi obìnrin ló ń kọ ọ́ sẹ́yìn kàlẹ́ńdà. 136/84 ni tàná.