Ẹ jọ̀ọ́, irú àpótí wáyà wo ló lè wà létí púùlù tómi ò ní wọ̀ ọ́?

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ dákun ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Iná LED fóòtì (volt) 12 mẹ́rin ló wà nínú púùlù, mo kó gbogbo ojú wáyà wọn pọ̀ sínú àpótí rọ́bà kan tí wọ́n kọ IP65 (nọ́ńbà tó ń sọ bó ṣe ń dènà eruku àti omi tó) sí lára, mo gbé e sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ púùlù níbẹ̀, mo wá fi òkúta wẹ́wẹ́ bò ó kó má bàa hàn. Kò tíì pọ́dún kan tí méjì ti ń ṣẹ́jú, ọ̀kan ò tiẹ̀ tàn mọ́. Ìgbà tí mo tú àpótí yẹn lánàá, omi ti dé ìdajì ẹ̀, tépù tí mo fi wé ojú wáyà ń yọ̀ bí ọṣẹ, bàbà inú ẹ̀ ti di àwọ̀ ewé. Ìdérí ẹ̀ ò sì sán o, síkírù ẹ̀ le dáadáa. Ibo lomi gbà wọlé? Ṣé kí n ra IP68 ni, àbí onírin ló dáa? Àwọn ọmọ ń wẹ̀ níbẹ̀, ọkàn mi ò balẹ̀ rárá.

Ìyá Ìbejì: Pẹ̀lẹ́ o. Kó o tó ra nǹkankan, lọ pa iná tiransifọ́má yẹn, ẹ̀rọ tó ń sọ iná ilé di fóòtì 12, ná, kọ́mọ kankan má wọnú omi yẹn títí wàá fi tún un ṣe tán. Kó o sì rí i dájú pé tiransifọ́má tó ya iná ilé sọ́tọ̀ pátápátá kúrò lára iná kékeré lo ní, torí tí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀, fóòtì 12 yẹn ò lè dáàbò bo ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀gbọ́n Oníwáyà: Àbúrò, nọ́ńbà yẹn ni kò yé ẹ. 6 yẹn, eruku ò lè wọlé ni. 5 tó tẹ̀lé e, tí wọ́n bá fi họ́ọ̀sì fín omi sí i kò ní wọlé, kò sẹ́ni tó ní kó o rì í sómi. IP66 náà, omi tó ń fi agbára tú ni, kì í ṣe ìrìbọmi. IP67 ló lè wà lábẹ́ omi tó jìn tó mítà kan fún ìṣẹ́jú 30, IP68 lè pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, bó ṣe jìn tó sì wà lọ́wọ́ àwọn tó ṣe é. Ìwọ wá gbé IP65 sílẹ̀, o tún fi òkúta bò ó, gbogbo ìgbà tójò bá rọ̀, inú omi ló wà nìyẹn.

Ṣùgbọ́n má tíì sáré ra IP68 o, torí tó o bá ti fọwọ́ ara ẹ lu ihò sí i, nọ́ńbà yẹn ò níṣẹ́ mọ́ àfi tí gland, ìyẹn ìdè tó ń há wáyà mọ́ ojú ihò kómi má gbabẹ̀ wọlé, bá bá a mu. Wáyà kan, gland kan, kó o wọn sísanra wáyà kó o tó rà á. Abẹ́ àpótí ni kí ihò wà, má lu ihò sórí ẹ̀ láéláé, sì jẹ́ kí wáyà rọ̀ sísàlẹ̀ díẹ̀ kó tó gòkè wọlé, kí omi tó bá ń tọ̀ ọ́ bọ̀ lè kán sílẹ̀.

Bàbá Olómi: Onírin kẹ̀? Chlorine á jẹ ẹ́. Rọ́bà tó le, tí wọ́n ṣe fún oòrùn, ni kó o rà, torí rọ́bà lásán á funfun, á sì sán.

Ẹni tó béèrè: Ẹ ṣeun gan-an. Ẹ̀gbọ́n, òótọ́ lẹ sọ, wáyà pẹlẹbẹ méjì ni mo tì sínú ihò róbótó kan tí mo fi silikónì dí i. Tí gbogbo ihò bá wá há dáadáa, ṣé omi ò ní wọlé mọ́?

Ẹ̀gbọ́n Oníwáyà: Á ṣì wọlé díẹ̀díẹ̀. Oòrùn ọ̀sán á mú afẹ́fẹ́ inú ẹ̀ fẹ̀, tílẹ̀ bá ṣú á sún kì, á máa fa ọ̀rinrin wọlé, ọ̀rinrin yẹn á di omi lára ìdérí. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń da gel rírọ̀ kún un, èyí tí wọ́n ṣe fún wáyà, kì í ṣe èyí tó ń le bí òkúta, torí tó bá ti le, ọjọ́ tó o bá fẹ́ tún un ṣe wàá kàn gé gbogbo ẹ̀ dànù ni. Gbé e kúrò nílẹ̀ náà, kan án mọ́ ògiri. Òfin iná Amẹ́ríkà ní kí irú àpótí bẹ́ẹ̀ jìnnà sétí púùlù tó ẹsẹ̀ bàtà 4, kó sì fi ínǹṣì 8 ó kéré tán ga ju ojú omi lọ. Wo ohun tí òfin ọ̀dọ̀ tìẹ sọ. Tí wáyà bá wá gùn sí i, ra èyí tó nípọn, torí fóòtì 12 kì í pẹ́ rẹ̀ lójú ọ̀nà, iná á kàn máa ṣe bàìbàì.

Ẹni tó béèrè: Mo ti pa iná náà. Mo ti gé ojú wáyà kan tó ìka mẹ́ta, bàbà ẹ̀ ṣì dúdú.

Ẹ̀gbọ́n Oníwáyà: Máa gé e lọ, àfi tó bá dán. Omi ti gba inú rọ́bà ẹ̀ lọ nìyẹn, tó o bá so ó bẹ́ẹ̀ á tún jẹrà.