Sẹ́ẹ̀tì mélòó ló tó fún ẹni tí kò gbé irin rí?

Àdìó Òṣogbo

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin èèyàn wa. Àwa mẹ́rin la fẹ́ bẹ̀rẹ̀ irin gbígbé. Ẹni ọdún 28 ló kéré jù nínú wa, ẹni ọdún 46 ló dàgbà jù, kò sì sẹ́ni tó gbé e rí. Ní jíìmù kan lápá Òkè-Fìà, wọ́n ní àyà nìkan gbọ́dọ̀ gba sẹ́ẹ̀tì 20 lọ́jọ́ kan (sẹ́ẹ̀tì kan ni kéèyàn gbé irin léraléra kó tó sinmi). Níbòmíràn, wọ́n ní sẹ́ẹ̀tì kan péré ti tó lórí ìdárayá kọ̀ọ̀kan, kéèyàn máa lọ sílé ẹ̀. Èwo ni ká mú? Agbára la ń wá jù, àmọ́ bí apá àti itan bá yọ, a ò ní kọ̀ ọ́. Kí ló sì máa ń ṣẹlẹ̀ bó bá pọ̀ jù?

Kóòṣì Àyétòrò

Àdìó, ẹ káàbọ̀. Ẹni tó ní sẹ́ẹ̀tì kan sún mọ́ òótọ́ ju ẹni tó ní 20 lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe ibẹ̀ lẹ máa parí ẹ̀ sí.

Ẹ kọ́kọ́ ya agbára sọ́tọ̀ kúrò lára títóbi ẹran ara. Agbára tó ń yára wọlé láwọn ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ọ̀dọ̀ ọpọlọ ló ti ń wá jù: ara ń kọ́ bó ṣe máa pe okun ẹran púpọ̀ sí iṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn olùwádìí Moritani àti deVries ti fi èyí hàn láti ọdún 1979. Ohun tí ẹ̀kọ́ yẹn ń fẹ́ ni kẹ́ ẹ ṣe é dáadáa, kẹ́ ẹ sì máa padà sídìí ẹ̀ lóòrèkóòrè. Kò béèrè sẹ́ẹ̀tì rẹpẹtẹ. Títóbi ẹran ló máa ń tẹ̀ lé iye sẹ́ẹ̀tì. Nígbà tí Schoenfeld, Ogborn àti Krieger kó ìwádìí 15 jọ lọ́dún 2017, àwọn tó ń ṣe sẹ́ẹ̀tì 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́sẹ̀ fún ẹran kan ni tiwọn tóbi jù. Àwọn tí kò tó 5 náà tóbi, ṣùgbọ́n tiwọn kéré.

Ẹsẹ̀ ò sì rí bákan náà pẹ̀lú apá. Lọ́dún 2007, Rønnestad àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ kọ́ àwọn ọkùnrin tí kò gbé irin rí fún ọ̀sẹ̀ 11, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Àwọn tó ṣe sẹ́ẹ̀tì 3 fún ẹsẹ̀ fi 41% kún agbára ẹsẹ̀ wọn. Àwọn tó ṣe ẹyọ kan fi 21% kún tiwọn. Ní ti àyà àti apá, sẹ́ẹ̀tì 1 àti 3 ò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ síra. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí sẹ́ẹ̀tì ẹsẹ̀ kọ́kọ́ pọ̀ ṣáájú ti apá.

Bí ẹ ṣe máa ṣe é nìyí. Ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀, Ajé, Ọjọ́rú àti Ẹtì. Ìdárayá márùn-ún: ẹ gbé ẹrù lé èjìká kẹ́ ẹ lóṣòó kẹ́ ẹ dìde, ẹ dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ǹṣì kẹ́ ẹ ti irin sókè, ẹ tẹ̀ ba kẹ́ ẹ fa irin wá síbi ìdodo, ẹ dúró kẹ́ ẹ ti irin kọjá orí, ẹ gbé irin nílẹ̀ láì jẹ́ kí ẹ̀yìn tẹ̀. Ọ̀sẹ̀ 1 àti 2, sẹ́ẹ̀tì kan lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọ̀sẹ̀ 3 àti 4, ẹ sọ ti ẹsẹ̀ di 2. Láti ọ̀sẹ̀ 5, ti ẹsẹ̀ di 3, ìyókù di 2. Nígbà yẹn, sẹ́ẹ̀tì 9 lẹ ti ń lóṣòó lọ́sẹ̀, ó ti tó fún oṣù mélòó kan.

Sẹ́ẹ̀tì tó rọrùn jù, ẹ má kà á. Ẹ wá ìwọ̀n tẹ́ ẹ lè gbé ní ìgbà 8 sí 12, kó jẹ́ pé nígbà tẹ́ ẹ bá sọ ọ́ kalẹ̀, ẹ ṣì lè gbé e lẹ́ẹ̀mejì sí i, kò gbọ́dọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ máa ṣọ́ ara yín. Ẹni tó ń dìde látinú ìlóṣòó, tí ìdí ẹ̀ bá ti ń ṣáájú àyà gòkè, tí orúnkún ń wọnú, sẹ́ẹ̀tì ti parí nìyẹn, ì báà ku mẹ́ta kó pé 10. Ẹ sinmi ìṣẹ́jú 2 sí 3 kẹ́ ẹ tó ṣe òmíràn. Ẹni tó bá fi ìṣẹ́jú kan sáré lọ, iye ìgbà tó máa gbé e á já, yóò wá rò pé agbára òun ló ń dín kù.

Bí ẹ bá ti gbé ìgbà 12 kọjá pẹ̀lú ẹyọ kan tàbí méjì, ẹ fi 2 sí 10% kún ìwọ̀n, kékeré fún apá, púpọ̀ fún ẹsẹ̀.

Ohun kan tí wọ́n máa ń ṣì kà: títi irin lórí bẹ́ǹṣì ń lo ẹ̀yìn apá náà, títi kọjá orí ń lò ó pẹ̀lú. Ẹni tó bá tún fi sẹ́ẹ̀tì 5 kún un fún ẹ̀yìn apá nìkan ti kọjá iye tó rò pé òun ṣe.

Nọ́ọ̀sì Òkè-Baálẹ̀

Ìbéèrè ìkẹyìn yẹn ni mo fẹ́ dáhùn. Ara ríro tó bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kejì, tó le jù láàárín wákàtí 24 sí 72, kò burú. Ẹ rìn díẹ̀, yóò lọ. Èyí tó léwu ni kí ẹni tí kò ṣe é rí kó sẹ́ẹ̀tì 20 lé apá lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Okun ẹran á bàjẹ́, èròjà pupa inú ẹ̀ tí wọ́n ń pè ní myoglobin á tú sínú ẹ̀jẹ̀, kíndìnrín ló sì máa jìyà ẹ̀. Bí ìtọ̀ bá dúdú bíi Coca-Cola, tí apá wú tí kò ṣeé nà, ẹ lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ má fi ibuprofen bo ìrora yẹn mọ́lẹ̀, torí òun náà ń ni kíndìnrín lára. Ẹ sì máa mu omi dáadáa, pàápàá lásìkò ooru.

Ẹ̀gbọ́n tó jẹ́ 46, kí wọ́n lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wò kó tó di ọjọ́ kìíní. Bó bá dé 180 lórí 110, kò sí irin o, títí dókítà yóò fi rí wọn. Kí wọ́n má sé èémí: kí wọ́n máa mí síta bí wọ́n ṣe ń gbé e sókè. Kóòṣì, ẹ jọ̀ọ́, ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀ ni kí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé (WHO) náà, nínú ìmọ̀ràn wọn ti ọdún 2020, ọjọ́ 2 ó kéré tán ni wọ́n ní kí àgbàlagbà máa fi ṣiṣẹ́ fún ẹran ara.

Wẹ́dà Ìgbónà

Bí ẹ ò bá fẹ́ lọ sí jíìmù, ẹ lè ṣe é nílé náà o. Àpò píọ̀ wọ́tà kan tó ní 20 nínú, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 50cl, kìlógírámù 10 ni. Lítà omi kan, kìlógírámù kan, nítorí náà kẹ́ẹ̀gì rọrùn láti fi ìwọ̀n kún díẹ̀díẹ̀. Àmọ́ kẹ́ẹ̀gì tó dé ìdajì máa ń fì, omi á lọ sápá kan, ẹ̀yìn lè yẹ̀. Kékeré tó kún dára ju ńlá tó ṣófo lójú kan lọ.

Bí ẹ bá fẹ́ irin tó dúró, ẹ wá páìpù ìnṣì kan àti báákẹ́ẹ̀tì ọ̀dà lítà 4 méjì. Kẹ́ ẹ tó da kọnkéré, kí wẹ́dà jó ọ̀pá kékeré méjì ní àgbélébùú mọ́ ẹnu páìpù lọ́tùn-ún lósì, kí kọnkéré lè rí nǹkan dì mú. Èyí tí kò ní i ló máa ń yọ lójijì lókè orí èèyàn. Ẹ wọn kọnkéré tútù kó lè dọ́gba. Báákẹ́ẹ̀tì kan á tó kìlógírámù 9 sí 10. Ẹ máa wọ́n omi sí i fún ọjọ́ 7, ẹ má tètè gbé e.

Àdìó Òṣogbo

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin àgbà. Ó ku mẹ́ta: bí ọ̀sẹ̀ kan bá bọ́ ńkọ́? Oúnjẹ ńkọ́? Báwo la ṣe máa mọ̀ pé ó ti tó, ká má fi sẹ́ẹ̀tì kún un mọ́?

Kóòṣì Àyétòrò

Ọ̀sẹ̀ kan kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ yín. Ẹ padà sórí ìwọ̀n tẹ́ ẹ fi sílẹ̀, kẹ́ ẹ yọ sẹ́ẹ̀tì kan lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

Ní ti oúnjẹ, nǹkan bíi gírámù 1.6 purotéènì fún kìlógírámù ara kan lójúmọ́. Ẹni kìlógírámù 70 nílò gírámù 112. Ẹyin kan ń mú nǹkan bí 6 wá. Ẹ̀wà gbígbẹ gírámù 100 ń mú bíi 23 wá. Ẹ̀kọ pẹ̀lú mọ́ínmọ́ín ẹlẹ́yin dára gan-an. Gààrí àti ṣúgà nìkan kò lè kó yín débẹ̀.

Nọ́ọ̀sì, òótọ́ lẹ sọ nípa ẹ̀gbọ́n yẹn. Kí wọ́n lo ọjọ́ méjì, kí wọ́n sì pẹ́ lórí sẹ́ẹ̀tì 2.

Ti ẹ̀kẹta: níwọ̀n ìgbà tí ìwọ̀n bá ṣì ń lọ sókè, ẹ má fọwọ́ kan iye sẹ́ẹ̀tì. Bí ìwọ̀n bá dúró fún ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ wo ara ríro. Bí kò bá sí ríro, tẹ́ ẹ sì ń sùn dáadáa, ẹ fi sẹ́ẹ̀tì kan kún ìdárayá tó dúró yẹn nìkan. Bí itan bá ṣì ń ro yín nígbà tí ọjọ́ tó kàn pé, ẹyọ kan lẹ máa yọ.