Ẹ gbà wá nímọ̀ràn: àkọsílẹ̀ ìsìnkú bàbá ńlá wa ní Oǹdó, kí ọjọ́ mẹ́wàá tó pé

Ọmọ Odòsídà
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹlẹgbẹ́ mi. Mo ń wá ẹni tí ó mọ bí a ṣe ń rí àkọsílẹ̀ ikú tàbí ìsìnkú ẹni tí ó ti kú kí ọdún 1900 tó wọlé. Wọ́n ti fi ọ̀dà pupa sàmì sí ara ilé ẹbí wa nítorí ọ̀nà tí wọ́n fẹ́ fẹ̀, ibojì kan sì wà nínú yàrá ìsàlẹ̀. Àwọn tí ó wá ka ilé ní kí a mú ìwé tí ó fi hàn pé bàbá ńlá wa ni ó wà níbẹ̀ wá láàárín ọjọ́ mẹ́wàá, ọjọ́ méjì sì ti lọ nínú rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ọ̀dọ̀ ta ni kí a gbà lọ?

Olùkọ́ Fẹ̀yìntì
Àbúrò, ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ kò sọ ìjọ tí bàbá náà wà, ẹ kò sì sọ bóyá ó tilẹ̀ ṣe ìrìbọmi, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí rọ̀ mọ́. Ìjọba kò kọ orúkọ òkú sílẹ̀ ní Oǹdó láyé ìgbà náà. Èkó ni òfin ìforúkọsílẹ̀ ìbí àti ikú ti bẹ̀rẹ̀ ní 1863, kò sì dé ọ̀dọ̀ tiwa. Ìwé ìjọ ni ó kù. Ọdún 1877 ni Charles Phillips, ẹni tí ó di bíṣọ́ọ̀bù ní 1893, wá máa ṣiṣẹ́ ìyìn rere ní Oǹdó, nítorí náà ó ṣòro kí ẹ retí ìwé ìsìnkú ìjọ tí ó ṣáájú ìgbà yẹn. Ẹ lọ rí akọ̀wé ìjọ St. Stephen's ní Òkè-Àlùkò, kí ẹ fi ìrẹ̀lẹ̀ béèrè ìwé ìrìbọmi àti ìwé ìsìnkú tí ó bá kù lọ́wọ́ wọn.

Ohun kan tí ó máa ń ṣi ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́nà ni pé wọ́n ń wá orúkọ ìdílé. Ẹ kò ní rí i. Orúkọ ìrìbọmi ni àlùfáà ń kọ, Daniẹli, Lidia, Josaya, kí ó tó wá fi ọjọ́ orí tí ó fojú dá sí i. Mo ti fi ojú mi rí ibi tí wọ́n ti kọ ọgọ́ta ọdún síwájú ẹni mẹ́ta léra wọn, bẹ́ẹ̀ ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ìyá ẹnì kejì.

Ará Òkèlísà
Ẹ̀yin Olùkọ́, ọ̀wọ̀ yín wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ka ohun tí arákùnrin wa kọ dáadáa. Ó ní inú yàrá ni ibojì náà wà. Ọmọ ìjọ tí ó bá kú nígbà náà, itẹ́ òkú ìjọ ni wọn yóò sin ín sí, ìjà ńlá sì ni àwọn òjíṣẹ́ Ọlọ́run bá àwọn ẹbí jà lórí sísin òkú sínú ilé. Ẹni tí ó sùn sí yàrá tirẹ̀, ilé àti ẹbí ni ó sin ín, kò sì ní sí nínú ìwé àlùfáà kankan. Ẹ má jẹ́ kí ó fi ọjọ́ mẹ́jọ tí ó kù yẹ ìwé tí kò kàn án wò.

Ìyá Ìbejì
Ẹ dákun, kí ẹ tó gbé ẹsẹ̀ kan, ẹ gbọ́ ohun tí ojú mi rí. Nígbà tí èmi àti àwọn ọmọ bàbá mi ń du ilẹ̀ oko kan, ọkùnrin kan tọ̀ wá wá, ó ní òun mọ ibi tí wọ́n kó àwọn ìwé ìsìnkú àtijọ́ sí, òun yóò sì bá wa yọ ojú ewé tí ikú ìyá bàbá bàbá mi wà. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rin náírà ni a kọ́kọ́ san, a tún fi ogójì lé e. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó mú ìwé kan dé nínú ọ̀rá, ìwé náà ti pọ́n bí ewé gbígbẹ, etí rẹ̀ ti jẹ, gbogbo wa sì sunkún nígbà tí a rí orúkọ ìyá náà àti ọdún 1889. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin dọ̀bálẹ̀ fún ìwé náà lórí tábìlì.

Ìgbà tí ọ̀rọ̀ dé kóòtù ni agbẹjọ́rò ìhà kejì gbé e sókè sí ojú fèrèsé, tí ó ní kí adájọ́ wò ó. Báírò ni wọ́n fi kọ ọ́, ohun tí kò tíì dé ọ̀dọ̀ wa ní 1889. Òǹtẹ̀ tí ó wà nísàlẹ̀ ní "Ondo State", ìpínlẹ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1976. Tíì ni wọ́n rẹ ìwé náà sí kí ó lè pọ́n. A jókòó síbẹ̀ bí ẹni tí a bọ́ láṣọ lọ́jà. Òtítọ́ ni ohun tí a ń sọ nípa ilẹ̀ náà, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn, kò sí ẹ̀rí kan tí ó jáde lẹ́nu wa tí wọ́n gbà gbọ́ mọ́. Títí di òní, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi kì í jókòó jẹun pọ̀. Ọmọ Odòsídà, mo bẹ̀ ọ́, má fún ẹnikẹ́ni lówó.

Ọmọ Yàbá
Ẹ̀gbọ́n, Ọlọ́run yóò dá a padà fún yín. Ta ni ọkùnrin náà? Ó jọ pé ẹni tí ó wá bá ẹbí ìyàwó mi lọ́dún tó kọjá nìyẹn.

Ìyá Olúwa-Ló-Ni
Irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí wa ní Akúrẹ́. Ìwé oyè ni tiwa. Ẹ dárúkọ rẹ̀ kí gbogbo ayé lè sá fún un.

Olùdarí
A kò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni níhìn-ín. Ẹni tí ó bá ní ẹjọ́, kí ó gbé e lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Ẹ jẹ́ kí a padà sí ọ̀dọ̀ ẹni tí ó béèrè ìmọ̀ràn, ọjọ́ ń lọ lórí rẹ̀.

Ará Òkèlísà
Ohun tí mo ń sọ nìyí. Ìwé ni ó ba ilé Ìyá Ìbejì jẹ́.

Olùkọ́ Fẹ̀yìntì
Rárá o. Ènìyàn ni ó ba ilé wọn jẹ́, ìwé kò ṣẹ̀ wọ́n. Àwọn baba wa tí ó ń fi tàdáwà kọ orúkọ àwọn òkú lálẹ́ lábẹ́ àtùpà kò purọ́ fún ẹnikẹ́ni, kò sì yẹ kí a ti ipasẹ̀ ọ̀bàyéjẹ́ kan kẹ́gàn iṣẹ́ wọn. Bí a ṣe ń mọ òótọ́ ìwé kò ṣòro. Ẹ má gba ojú ewé kan ṣoṣo tí wọ́n já wá fún yín láéláé. Ẹ ní kí wọ́n ṣí odindi ìwé náà níwájú yín, kí ẹ ka orúkọ tí ó wà lókè àti èyí tí ó wà nísàlẹ̀, kí ẹ wò bóyá nọ́ńbà àti ọjọ́ tẹ̀lé ara wọn, bóyá ọwọ́ ìkọ̀wé àlùfáà kan náà ni. Lẹ́yìn náà, kí ẹ fi fóònù ya àwòrán rẹ̀, kí akọ̀wé ìjọ sì fọwọ́ sí ẹ̀dà.

Gbénró
Ìwé ẹ̀rí ikú kò le rárá. Ẹ lọ sí ọ́fíìsì Àjọ Ìkànìyàn ní ìjọba ìbílẹ̀ yín, kí ẹ mú ìwé ilé ìwòsàn dání. Èmi gba ti màmá mi láàárín ọjọ́ mélòó kan.

Ọmọ Yàbá
Gbénró, ẹni tí ó kú kí 1900 tó dé ni a ń sọ. Ilé ìwòsàn wo?

Ọmọ Oǹdó l'Ékòó
Mo ti gba ọ̀nà yìí rí fún ẹbí tèmi, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n fi ti ẹnu mi kún un. Olùkọ́ àti Ará Òkèlísà, ẹ̀yin méjèèjì ní ohun tí ẹ gbá mú. Òótọ́ ni pé ẹni tí wọ́n sin sínú ilé lè má sí nínú ìwé ìsìnkú, ṣùgbọ́n àwọn òjíṣẹ́ C.M.S., ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì ìjọ Áńglíkà, máa ń kọ ìwé ìrántí ojoojúmọ́, wọ́n sì máa ń dárúkọ ikú àwọn ìjòyè àti àwọn aládùúgbò tí kì í ṣe ọmọ ìjọ, pàápàá bí ààtò ìsìnkú wọn bá dá awuyewuye sílẹ̀. Ìwé Bíṣọ́ọ̀bù Phillips wà ní National Archives tí ó wà nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn, àwọn lẹ́tà tí àwọn òjíṣẹ́ náà fi ránṣẹ́ sí ìlú Òyìnbó sì wà ní Yunifásítì Birmingham.

Ohun kejì tí ẹ gbọ́dọ̀ rò ni ọjọ́ orí ilé yẹn. Òde Oǹdó tú nígbà ìjà abẹ́lé, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ń gbé Òkè-Ọ̀pá, ibi tí wọ́n sá lọ, títí Goldsworthy, ẹni tí ìjọba Èkó rán, fi wá bá wọn tò ó padà ní 1872. Bí bàbá yín bá kú ṣáájú 1872, ó ṣòro kí ó jẹ́ inú ilé yìí ni wọ́n sin ín sí. Bí ó bá kú lẹ́yìn rẹ̀, á jẹ́ pé ìwọ̀nba ọdún díẹ̀ ni ẹ ní láti wá.

Ará Òkèlísà
Kì í ṣe gbogbo ìdílé ni ó kúrò pátápátá. Àwọn kan ń padà wá sin òkú wọn sí ahoro ilé bàbá wọn lóru. Bàbá mi àgbà ni ó sọ ọ́ fún wa.

Ọmọ Oǹdó l'Ékòó
N kò bá bàbá yín jiyàn. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó ń ka ilé kò ní gba oru yẹn wọlé.

Amòfin Akúrẹ́
Ẹ̀yin ará, ìwé tí yóò tètè yọ sí wọn lọ́wọ́ jù ni ìwé ẹjọ́ ilẹ̀. Bí ẹbí yìí bá ti lọ sí kóòtù ìbílẹ̀ lórí ilẹ̀ rí, bóyá láyé àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ó dájú pé ẹnì kan ti dúró níbẹ̀ tí ó ka ìran rẹ̀ dé orí ẹni tí ó tẹ ilé dó, tí ó sì sọ ibi tí wọ́n sin ín sí, nítorí ibojì ni ẹ̀rí ìní ilẹ̀ tí àwọn àgbà mọ̀. Ẹ yẹ àpótí olórí ẹbí wò. Bí kò bá sí, kí olórí ẹbí àti àgbà méjì búra ní kóòtù.

Ìyá Ìbejì
Amòfin, ẹ ṣeun. Ọmọ Odòsídà, ṣé ìwọ ṣì wà níbẹ̀? Ó ti di ọjọ́ mẹ́rin tí o ti kọ nǹkan, ọkàn mi kò balẹ̀. Ṣé kì í ṣe pé o ti rí ẹni tí ó ń gbowó?

Ọmọ Odòsídà
Ẹ má bínú, ẹ̀yin ìyá àti bàbá mi. N kò fún ẹnikẹ́ni lówó. N kò lọ sí Òkè-Àlùkò, n kò sì lọ sí Ìbàdàn, nítorí mo wò ó pé ọjọ́ kò gbà á, àpótí olórí ẹbí sì ti jóná láti ọdún pípẹ́. Akúrẹ́ ni mo lọ lánàá, sí ọ̀dọ̀ àbúrò bàbá bàbá mi obìnrin, tí ó ti lé ní ẹni àádọ́rùn-ún ọdún. Ojú rẹ̀ kò ríran mọ́. Mo kúnlẹ̀, mo sọ ọ̀rọ̀ ọ̀dà pupa náà fún un, ó sì dákẹ́ títí mo fi rò pé ó ti sùn.

Ó ní kí n gbé ọ̀pá òun fún òun. Ó fi í ya ilé náà sórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀, ìloro, yàrá mẹ́ta, ẹ̀yìnkùlé, bí ìyá rẹ̀ ṣe fi hàn án, ó sì ń ka orúkọ àwọn tí ó wà lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ọ̀pá náà ti ń kan ibẹ̀. Nígbà tí ó dé yàrá ìsàlẹ̀, ó ní kì í ṣe bàbá ńlá wa ni ó wà níbẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ kejì ni, ẹni tí kò bímọ, tí gbogbo ilé sì ń pè ní Ìyá. Bàbá fúnra rẹ̀ wà ní ìloro, ní ọwọ́ ọ̀tún ẹnu ọ̀nà, ibi tí a ń gbé jẹnẹrétọ̀ sí láti nǹkan bí ogún ọdún. Ó ki oríkì bàbá náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. N kò gbọ́ ọ rí.

Mo gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Olórí ẹbí yóò búra ní kóòtù lọ́la, orúkọ àwọn méjèèjì ni a ó sì kọ. A ti gbé jẹnẹrétọ̀ kúrò níbẹ̀. Ẹni tí ó bá mọ àwọn tí ó ń fi ọwọ́ wú ibojì àtijọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, tí kì í lo ẹ̀rọ, kí ó jọ̀wọ́ bá mi sọ̀rọ̀ kí ó tó di ọjọ́ Jimọ́.